Ìtìsẹ̀ Alàgbà Fálúyì

Ojú ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi ń rí ìyàwó. Ní ti Múdàṣírù tó ń tún alùpùpù ṣe ní Pobè, ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀.

Òmìnira kúrò lọ́wọ́ àwọn Faransé ti lé lọ́dún kan nígbà náà. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú, eruku ojú ọ̀nà Sakété sì ti sọ gbogbo ewé ẹ̀gẹ́ ẹ̀bá títì di pupa. Múdàṣírù dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ nítòsí ibùdó rélùwéè, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, nígbà tó rí ènìyàn méjì tí wọ́n ń ti alùpùpù ńlá kan bọ̀ nínú oòrùn. Bàbá àgbàlagbà kan ló di ọwọ́ alùpùpù náà mú níwájú. Ó wọ bàtà sójà, orúnkún rẹ̀ òsì kò sì ká dáadáa. Ọmọbìnrin kan ń tì í lẹ́yìn. Gèlè kò sí lórí ọmọbìnrin yìí. Ó ti fi gèlè náà di nǹkan tó wúwo kan, ó so ó mọ́ ìbàdí.

"Ṣéènì ló já," ni ọmọbìnrin náà wí kí Múdàṣírù tó béèrè. Ó tú gèlè sílẹ̀ lórí tábìlì. "Ojú mẹ́ta ló bàjẹ́ nínú rẹ̀. Mo ti wo èyí tó kù, wọ́n ṣì le. Ẹ má wulẹ̀ ní ká ra tuntun."

Múdàṣírù wo ṣéènì, ó wo gèlè tí gíríìsì ti bà jẹ́, ó wo ojú ẹni tó ni gèlè. Ọdún méje ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ṣéènì wá bá a báyìí rí.

"Ojú mẹ́ta ni lóòótọ́," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Bàbá náà ti jókòó sórí pákó lábẹ́ ìbòòji. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó nà án síwájú díẹ̀díẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Alàgbà Alphonse Fálúyì ni. Ó ti jagun fún àwọn Faransé, ọta ìbọn sì wọ orúnkún rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó wọ ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó sì di ẹni tó ń bójú tó àwọn ìjọ kéékèèké tó wà ní Sakété, Aguidi, Pobè àti Igana. Òyìnbó kan tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Stasíọ̀n, níbi tí ìjọba ti ń dán irúgbìn ọ̀pẹ wò, ló fún un ní alùpùpù náà nígbà tó ń padà sílé. Alùpùpù náà lágbára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn, lábẹ́ ìjókòó, ni irin tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé wà. Orúnkún Alàgbà gbọ́dọ̀ ká kó tó débẹ̀, orúnkún náà kò sì fẹ́ràn kíká.

Múdàṣírù kò mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà. Ó bá ṣéènì lò, ó bá táyà lò, ó fi epo sí ibi tó yẹ, ó sì kí wọn pé ó dàbọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán ló rí i pé òun ṣì mú gèlè náà lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ ọjà Pobè di ọjọ́ mìíràn fún un. Ẹ̀bùnọlá, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ló ń rán sùtánà, ẹ̀wù funfun gígùn tí àwọn ará ìjọ wọn ń wọ̀ lọ jọ́sìn. Ọkọ̀ ojú irin ló máa ń wọ̀ láti Sakété wá ra aṣọ funfun lọ́dọ̀ Tàǹtí Marguerite, àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń ta aṣọ lọ́jà. Ọ̀nà méjì ló wà láti ibùdó dé ọjà. Iwájú ìsọ̀ Múdàṣírù ni Ẹ̀bùnọlá ń gbà.

"Ẹ kúṣẹ́ o, Fofó," á wí, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin.

"O káàbọ̀. Gèlè rẹ wà níbí. Mo ti fọ̀ ọ́."

"Kò mọ́."

"Mo máa tún un fọ̀. Padà wá gbà á lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀."

Oṣù méjì ni wọ́n fi fọ gèlè yìí. Nígbà tí kò sí ẹni tó tún lè sọ pé ó dọ̀tí mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀bùnọlá a bi í pé kí ló dé tó fi ń di ojú bó bá ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Múdàṣírù a bi í pé báwo ló ṣe ń rán aṣọ funfun látàárọ̀ títí dalẹ́ tí ìdọ̀tí kò kàn án. "Ẹ má fi ọwọ́ yín kan ẹrù mi o," ni Ẹ̀bùnọlá á wí, á sì gbé ìdì aṣọ funfun rẹ̀ sí apá kejì. Bẹ́ẹ̀ ni Múdàṣírù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ ọwọ́ láti òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Basile, alágbẹ̀dẹ tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, kò jẹ́ kó gbádùn. "Ẹ wò ó, ọjọ́ ọjà ti pé," á ké sí àwọn tó ń kọjá. "Múdà ti ń fọ ọwọ́."

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Múdàṣírù kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ̀bùnọlá ya sí ìsọ̀ rẹ̀ kí òjò má baà pa ẹrù rẹ̀, àwọn méjèèjì sì dúró, wọ́n ń wo ọ̀gbàrá tó ń ṣàn lójú ọ̀nà.

"Ẹ̀bùnọlá, mo fẹ́ fẹ́ ọ," ló wí. "N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e gba ẹ̀yìn."

"Ẹ bá Tàǹtí sọ ọ́," ni ọmọbìnrin náà wí. "Bó bá jẹ́ èmi nìkan lẹ sọ ọ́ fún, ọ̀rọ̀ inú òjò lásán ni." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti sọ tirẹ̀, inú Múdàṣírù sì dùn débi pé ó gbàgbé láti ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú òjò.

Tàǹtí Marguerite kì í ṣe ẹni tó ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, òun àti Ṣùáíbù, ẹ̀gbọ́n Múdàṣírù tó ń ta obì àti abọ́ ní Sakété, ti lọ sílé Alàgbà. Múdàṣírù lọ dúró dè é ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ti mọ̀ láti ojú obìnrin náà pé nǹkan kò dán.

"Ó gbà wá dáadáa," ni Tàǹtí wí. "Ó fún Ṣùáíbù ní àga tó dára jù. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, ó ní òun gbọ́."

"Ṣé torí pé Ìmàle ni mí ni?"

"Rárá o. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wà nílé Ìmàle ní Àjàṣẹ́, ọdún iléyá kì í kọjá ká má jẹ ẹran lọ́dọ̀ wọn. Ó ní kí ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ òun máa lọ sí ìjọ rẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn."

"Kí ni nígbà náà, Tàǹtí?"

Tàǹtí ká aṣọ kan, ó tún un tú. "Ó ní ẹ̀yin tí ẹ ń tún alùpùpù ṣe, irin lẹ ń wò. Ó ní lọ́jọ́ tí òun wá sí ìsọ̀ rẹ, òun jókòó síwájú rẹ, òun ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀. O bá ṣéènì lò, o bá táyà lò, o kò bi òun pé kí ló ṣe orúnkún òun. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe irin."

Múdàṣírù rántí ọjọ́ náà. Ó ṣáà jẹ́ òótọ́.

"Cyprien kan sì tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí," ni Tàǹtí fi kún un, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ torí pé àánú rẹ̀ ṣe é. "Akọ̀wé ní Stasíọ̀n, ọmọ ìjọ wa. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n lè wá tọrọ ọmọ. Ẹ̀bùnọlá kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni tí bàbá rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí. O mọ̀ bí wọ́n ṣe jẹ́ síra wọn láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Múdàṣírù fi ronú nípa orúnkún tí òun kò béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Òyìnbó kan láti Stasíọ̀n gun alùpùpù kọjá lọ sí ọ̀nà Kétu. Ọ̀gbẹ́ni náà gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé irin tó yí ẹ́ńjìnnì ká níwájú, ó nà wọ́n gbọọrọ, bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Múdàṣírù fi òòlù sílẹ̀, ó sì ń wò ó títí tó fi wọ inú eruku.

"Ìtìsẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe fún bàbá rẹ," ló sọ fún Ẹ̀bùnọlá lọ́jọ́ ọjà. "Ìtìsẹ̀ iwájú, fún ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá wà nínú ìlú tàbí níbi tí ọ̀nà ti yí, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ sí ibi àtijọ́, nítòsí bíréèkì. Bí ọ̀nà bá ti là gbọọrọ, kí wọ́n nà án síwájú."

Ẹ̀bùnọlá wò ó títí. "Láàárín Sakété sí Pobè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀ yẹn," ló wí. "Wọ́n máa ń ṣe bí ẹni pé igbó ni wọ́n ń wò. Èmi á sì máa bá wọn wo igbó." Omi ti fẹ́ lé sí i lójú. "Ẹ ṣe é dáadáa, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀bùnọlá bẹ bàbá rẹ̀ títí, Alàgbà sì wá ní ọjọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀fíìsì ìjọba ló ti ń bọ̀, nítorí náà ó wọ kakí rẹ̀ àti bàtà sójà. Lọ́tẹ̀ yìí Múdàṣírù kò kọ́kọ́ wo alùpùpù.

"Bàbá, kí ló ṣe orúnkún yín?"

"O ti pẹ́ kó o tó béèrè," ni Alàgbà wí. Ṣùgbọ́n ó sọ fún un, ní ṣókí, bí àwọn tó ti jagun ṣe ń sọ ọ́.

Múdàṣírù gbé alùpùpù náà dúró lórí igi méjì, ó ní kí Alàgbà gùn ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ìtìsẹ̀ máa wà. Ó kọ́kọ́ gbé pákó kan sí ìtòsí ẹ́ńjìnnì, orúnkún ṣì ká jù. Ó gbé e lọ sókè pátápátá, Alàgbà ní ìbàdí ń fa òun. Ó gbé e wá sísàlẹ̀, èyí dára fún ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kùkùté kékeré kan lójú ọ̀nà oko máa gbá a. Àárín ló padà mú, níbi tí orúnkún ti nà tán tó ku bíńtín. Ó fi irin ṣe ojú ìdè tó di ọ̀pá ààbò ẹ́ńjìnnì mú, ó sì ṣe ìtìsẹ̀ náà bí ilẹ̀kùn, kó lè ká sókè bí nǹkan bá gbá a. Lẹ́yìn náà ló mú fáìlì, ó họ eyín wẹ́wẹ́ sí gbogbo ojú irin náà kí ìsàlẹ̀ bàtà má baà yọ̀ lórí rẹ̀. Eyín yìí ló pẹ́ jù nínú iṣẹ́ náà, òun ló sì dùn mọ́ ọn jù. Basile wá wò ó, ó ní òun kò tíì rí irin tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Alàgbà na ẹsẹ̀ òsì, ó na ọ̀tún. Ojú rẹ̀ tú ká bí ojú ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ẹ̀bùnọlá wo Múdàṣírù láti ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, Múdàṣírù sì rò pé òun ti níyàwó.

Láàárọ̀ ọjọ́ ajé, Tàǹtí Marguerite fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ wá sí ìsọ̀ rẹ̀. Kò kí i.

"Múdàṣírù, ìgbà wo lo rí aláṣọ funfun tó wọ sùtánà tó tún wọ bàtà?"

Múdàṣírù jókòó sórí táyà kan. Ta ni kò mọ̀ ní Pobè pé bí ẹni ìjọ náà bá ti wọ sùtánà, ẹsẹ̀ lásán ló ń rìn? Òun náà mọ̀. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ ohun tí kò kan iṣẹ́ rẹ̀.

"Ó na ẹsẹ̀ lásán sí i lánàá láti ìjáde Sakété, bó ṣe ń lọ sí ìsìn," ni Tàǹtí wí. "Ó ní ó dùn mọ́ òun. Nígbà tó fi máa mọ̀ pé kì í ṣe oòrùn ló ń gbóná, irin náà ti jó o. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò, eyín tó o fi síbẹ̀ sì bó o. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni. Ó dúró darí ìsìn títí tó fi parí, ẹ̀jẹ̀ sì ń ta sí etí sùtánà níṣojú gbogbo ìjọ."

"Kí ni Alàgbà wí, Tàǹtí?"

"Ó ní, 'Irin ló wò. Mo sọ ọ́.' Ó ti ránṣẹ́ sí ẹbí Cyprien pé kí wọ́n wá ní ọjọ́rú lẹ́yìn ìsìn ìkórè tí òun máa lọ ní Kétu, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó sì ní kí Ẹ̀bùnọlá má wá sí Pobè mọ́, òun á máa rán ẹlòmíràn wá ra aṣọ."

Ọjọ́ ọjà méjì kọjá. Múdàṣírù fọ ọwọ́ lọ́jọ́ méjèèjì. Ọkọ̀ ojú irin dé, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba iwájú ìsọ̀ kọjá tán pátá, ó sì ń wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí òmùgọ̀. Basile kò fi í ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Èyí ló dun Múdàṣírù jù, torí ó jẹ́ kó mọ̀ pé àánú òun ti ń ṣe wọ́n.

Nígbà tó kírun Jímọ̀ tán, ó gbé alùpùpù tirẹ̀ jáde, èyí tó fi àjákù mẹ́rin tò pọ̀. Ó ti ṣe irú ìtìsẹ̀ kan náà sí i lára nígbà tó ń dán iṣẹ́ wò. Ó bọ́ bàtà, ó fi í sílẹ̀ ní ìsọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lásán lé irin eléyín náà, ó sì kọrí sí Sakété. Kì í ṣe pé ó ń fìyà jẹ ara rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ibi tó ti ń gbóná. Kó tó dé ìdajì ọ̀nà ló ti mọ̀ pé etí ẹsẹ̀ tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì ló ń kọ́kọ́ jó, pé gìgísẹ̀ ni eyín ń bó, àti pé atẹ́gùn kò dé abẹ́ ẹsẹ̀ rárá. Nígbà tó dé ìdajì kejì, ojú rẹ̀ ti ń ṣomi.

Alàgbà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti fi òrí pa ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ funfun wé e. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún nínú ilé. Nígbà tí Múdàṣírù dọ̀bálẹ̀, ìró náà dúró.

"Bàbá," ló wí, "bàtà ni mo wọ̀n. N kò wọn ẹsẹ̀ yín."

Alàgbà ń wo bí ọkùnrin náà ṣe dìde tó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. "Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè," ló wí. Múdàṣírù gbé e. Ó ti pọ́n, ó ti léròrò.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí lára yín ni. Etí inú ló ń kọ́kọ́ gbóná, àbí?"

"Etí inú ni," ni Alàgbà wí, ó sì dà bí ẹni pé ìdáhùn náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ẹ̀bùnọlá ti yọ sí ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n," ló wí. "Èmi ni mo ń rán sùtánà yín, èmi ni mo ń gbé bàtà yín pamọ́ lọ́jọ́ ìsinmi. Èmi gan-an kò rántí. Bí ẹ bá máa bínú, ẹ pín in sí méjì."

"Ta ló ní kó o dá sí i?" ni bàbá rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n kò ní kó wọlé. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Kétu jìnnà," ló wí níkẹyìn, "orúnkún yìí kò sì ní lè dé ibẹ̀ bó bá wà ní kíká. Tún un ṣe. Ṣùgbọ́n má fi ti ìyàwó kún un. Iṣẹ́ ni mo gbé fún ọ, mo sì ti fún àwọn kan lọ́jọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ọ̀sán mẹ́ta ni Múdàṣírù fi ṣe é, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alàgbà gan-an, nítorí pé kò fẹ́ gbé ohunkóhun kúrò lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ tó ń ṣe é fún. Ẹ̀bùnọlá tẹ́ bébà sílẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lásán lé e, ọmọ náà sì fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ fa ìlà yí i ká. Igi ìrókò ni Múdàṣírù fi ṣe ìtìsẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó gbẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí bébà náà ṣe rí, ó fi rọ́bà táyà bo abẹ́ rẹ̀, ó fà á jìnnà sí ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ó sì fi páànù kékeré kan ṣe asà tó dá ooru padà. Ẹ̀bùnọlá rán ìbòrí kakí sí i, ó fi òwú igi àràbà kún inú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Múdàṣírù bá sún nǹkan, á béèrè. Ṣé ó ga? Ṣé ó ń fa ìbàdí? Ṣé mo lè fọwọ́ kan orúnkún yín? Alàgbà á dáhùn, á sì máa wò ó.

Nígbà tí wọ́n ń fi okùn fa ìbòrí náà mọ́ igi, ìka àwọn méjèèjì pàdé.

"Ọwọ́ yín mọ́ lónìí," ni Ẹ̀bùnọlá wí jẹ́jẹ́.

"Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń mọ́. Ìwọ ni o kò wá wò ó."

Ẹ̀bùnọlá tẹrí ba, kò sì lè rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ní ti Múdàṣírù, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó máa gbé bàbá yìí lọ sí Kétu pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kó lè padà dé láìrẹ̀ ẹ́, kó sì fa ọmọ rẹ̀ lé Cyprien lọ́wọ́. Ó rò pé bí òun bá fi nọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ láìdè dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó dè é. Ó tún padà, ó dè é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ ajé lẹ́yìn ìkórè, Múdàṣírù ń tú ẹ́ńjìnnì kan palẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ọjọ́rú ni ẹbí Cyprien ń bọ̀. Ó gbọ́ ohùn alùpùpù láti ọ̀nà Kétu, ó sì mọ èyí tó jẹ́ kó tó gbójú sókè.

Alàgbà wọ sùtánà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú lórí ìtìsẹ̀. Ẹ̀bùnọlá wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú sùtánà tirẹ̀, ẹsẹ̀ lásán tirẹ̀ sì ń ṣe dìrọ̀dìrọ̀, torí kò sí ibi tó lè gbé e lé. Alàgbà pa ẹ́ńjìnnì.

"Ibo ni mo ti sọ̀ kalẹ̀?" ló bi Múdàṣírù.

"N kò mọ̀, Bàbá."

"Kétu ni mo ti gbéra. Ìhín ni mo kọ́kọ́ sọ̀." Ó sọ̀ lóòótọ́, ó rìn yí alùpùpù náà ká, kò fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀. "Cyprien wá sí Kétu. Ó rí mi bí mo ṣe na ẹsẹ̀ wọ̀lú. Ó ní irú ìjókòó yẹn kò yẹ alàgbà, pé kí n yọ ọ́ kúrò. Mo dúró, mo ní bóyá ó máa bi mí bí orúnkún ṣe rí. Kò bi mí. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n má ṣe ìyọnu ọjọ́rú mọ́."

Múdàṣírù wo Ẹ̀bùnọlá. Ẹ̀bùnọlá ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Ọmọ yìí ti ń ráhùn láti Kétu," ni Alàgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ríbi gbé. Wọ̀n ọ́n."

Múdàṣírù sáré mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù Alàgbà.

"Kì í ṣe ara alùpùpù tèmi," ni Alàgbà wí. "Tìrẹ dà? Ara tìrẹ ni kó o fi í sí. Àbí ta ló máa máa gbé e wá sí ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi?"

Ìdùnnú gbá Múdàṣírù mú débi pé kò rántí dọ̀bálẹ̀, kò rántí dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ẹ̀bùnọlá, ó tẹ́ bébà, ó di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì gbé e lé e jẹ́jẹ́. Ìgbà tó fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká tán ló rí ohun tí òun ti ṣe. Ìka márùn-ún ti hàn dúdú ní etí sùtánà funfun náà.

Alàgbà bẹ̀rẹ̀, ó wo àbàwọ́n náà dáadáa.

"Ìwọ lo máa fọ̀ ọ́," ló wí fún Múdàṣírù.

"Kò ní mọ́, Bàbá," ni Ẹ̀bùnọlá wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ lọ."